Ẹ̀jẹ̀ tí a Jogún

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fojú sóde tí ó sì rí omidan tí ó wù ú, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn òbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọn yóò rán àgbàlagbà kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ lọ sí àdúgbò ọmọbìnrin náà, yóò sì dọ́gbọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè: Ǹjẹ́ wèrè wà ní ìdílé náà bí? Ǹjẹ́ wárápá wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ adẹ́tẹ̀ ti kú sí agbo ilé wọn rí? Ǹjẹ́ ọmọ wọn a máa dàgbà, tàbí wọn a máa kú ní kékeré? Àwọn ará ilé ọmọbìnrin pẹ̀lú a sì máa ṣe irú ìwádìí kan náà nípa ìdílé ọkùnrin. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà yóò forí ṣánpọ́n kí alárinà tó rin ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì.

Àwọn kan lónìí a máa fi ìwádìí yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó yẹ kí á fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òtítọ́ ńlá kan ni àwọn baba wa ti rí, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Wọ́n ṣì í níbì kan: ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ohun àjogúnbá, kòkòrò àrùn ni ó ń fà á, oògùn tí ń wò ó sàn sì wà lóde òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro jù fún wọn ni pé ojú nìkan ni wọ́n ní láti fi wo ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá dána. Àwọn ohun àjogúnbá kan wà tí ń fara pamọ́ sínú ara ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ara baba rẹ̀ le, tí ara baba ńlá rẹ̀ le pẹ̀lú, títí di ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ ẹlòmíràn tí ohun kan náà sá pamọ́ sí lára. Kò sí ará àdúgbò tí ó lè sọ irú èyí fún alárinà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń rí i.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n rí roboto, àárín wọn tẹ̀ wọnú díẹ̀, wọ́n sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gba inú iṣan tí ó tín-ín-rín jù lọ kọjá. Inú wọn ni èròjà pupa kan wà tí à ń pè ní hemoglóbìn. Òun ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú èròjà yìí ni a fi lẹ́tà A pè. Irú mìíràn wà tí à ń pè ní S. Bí ó bá jẹ́ S ni ó kún inú sẹ́ẹ̀lì, nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dín kù, èròjà náà a so mọ́ra wọn, a sì le bí igi, sẹ́ẹ̀lì náà a sì tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé tí a fi ń kórè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a máa há sínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kì í rí ọ̀nà kọjá mọ́, egungun tí ń retí ẹ̀jẹ̀ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro aláìsàn bí ẹni pé a ń fi òòlù lù ú láti inú wá. Sẹ́ẹ̀lì tí ó dára a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó gbó. Sẹ́ẹ̀lì oní-dòjé kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń wọ́n lára ẹni tí ó ní àrùn yìí, tí ẹyinjú rẹ̀ sì fi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ní ọdún 1910 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick ti ìlú Chicago, kọ ìròyìn nípa irú sẹ́ẹ̀lì báyìí, èyí tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá. Ó jẹ́ ohun tuntun fún àwọn oníṣègùn òyìnbó. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn Yorùbá ti ń pe àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹni tí a rò pé yóò kú lónìí a tún dìde lọ́la. Àwọn mìíràn ń pè é ní arọmọléegun. Àwọn ará Ghana náà ní orúkọ tiwọn fún un. Ọmọ ilẹ̀ Ghana kan tí ó jẹ́ dókítà, Felix Konotey-Ahulu, tọpasẹ̀ àrùn náà nínú ìdílé òun fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn dé ọdún 1670. Ìrántí àwọn àgbà ni ó lò. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ìdílé ṣe lè wúlò tó, bí a bá mọ ohun tí à ń bèèrè.

Báwo wá ni S ṣe ń ti ọwọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ? Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni ó ní àṣẹ méjì nínú ara tí ó ń pinnu irú hemoglóbìn tí ara rẹ̀ yóò ṣe: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Ẹni tí ó gba A lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni AA. Ẹni tí ó gba A lọ́wọ́ ọ̀kan, tí ó sì gba S lọ́wọ́ èkejì, ni AS. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ le, kì í ṣe aláìsàn rárá. Ẹni tí ó gba S méjì ni SS, òun ni àrùn náà mú. Ní ilẹ̀ wa, irú kẹta tí ń jẹ́ C wà pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì jẹ́ SC a máa ṣàìsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kì í sábà le tó ti SS. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ A, B, AB àti O tí à ń bèèrè nígbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ó kàwé dáadáa tí wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé ọ, mú owó ẹyọ méjì. Jẹ́ kí ọ̀kan dúró fún baba tí í ṣe AS, kí èkejì dúró fún ìyá tí òun náà jẹ́ AS. Bí ẹyọ bá ṣí, ó fún ọmọ ní A. Bí ó bá dé, ó fún ọmọ ní S. Kí á sì gbà pé ṣíṣí àti dídé dọ́gba. Da ẹyọ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Bí méjèèjì bá ṣí, ọmọ jẹ́ AA. Bí ọ̀kan bá ṣí tí ọ̀kan sì dé, ọmọ jẹ́ AS, ọ̀nà méjì ni èyí sì lè gbà ṣẹlẹ̀. Bí méjèèjì bá dé, ọmọ jẹ́ SS. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ẹyọ lè gbà balẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ti SS.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n a ní, “A ti bí SS kan, nítorí náà àwọn mẹ́ta tí ó kù yóò yè.” Owó ẹyọ kò ní iyè nínú, kò mọ bí òun ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbàkígbà tí oyún bá dúró, a tún da ẹyọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí 100 tọkọtaya tí wọ́n jẹ́ AS bá bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú wọn ni kò ní bí SS kankan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ fún aráyé pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sì bí ẹyọ kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta. Kódà bí a bá rí 256 irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, a lè retí pé ọ̀kan nínú wọn ni gbogbo ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ SS.

Nísinsin yìí, jẹ́ kí á fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á pè é ní Àlàbí. AS ni. Ó fẹ́ Àṣàbí, AS ni òun náà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, méjì kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Kí ni ará ilé yóò wí? Wọn yóò ní ẹsẹ̀ ìyàwó náà kò dára. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ni ó ń jẹ àwọn ọmọ náà. Ìyá ọkọ yóò rọ Àlàbí pé kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, AA ni Àbẹ̀kẹ́, ó sì bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn yè. Lójú agbo ilé, ẹjọ́ ti parí: Àlàbí kan náà ni, ilé kan náà ni, ìyàwó nìkan ni a pààrọ̀. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá?

Ẹ̀rí náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò ní S tí yóò fún ọmọ, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kò lè jẹ́ SS, bí ó ti wù kí S tí Àlàbí ń fún wọn pọ̀ tó. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ náà jẹ́ AS, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìran tí ń bọ̀ láìmọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé Àṣàbí ni ó kọ ọkọ, tí ó lọ fẹ́ ẹni tí í ṣe AA, gbogbo ọmọ tirẹ̀ náà ni ìbá bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí, àwọn ènìyàn ìbá sì wí pé ilé Àlàbí ni kò dára. Ìdajì ohun tí ó pa àwọn ọmọ náà ti ọwọ́ baba wọn wá, ìdajì ti ọwọ́ ìyá wọn, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé àwọn ní i lọ́wọ́. Obìnrin mélòó ni a ti lé jáde nílé ọkọ nítorí èyí, tí a sọ ní àjẹ́, tí ó sọkún ọmọ tí ó sì tún sọkún orúkọ! Bí ẹ̀kọ́ nípa jíìnì kò bá ṣe ju pé kí ó gba irú Àṣàbí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ahọ́n aráyé, lójú tèmi, ó ti tó ohun tí à ń kọ́ ní ilé-ìwé.

Ẹ ó ti máa ro ti àbíkú nínú ọkàn yín. Àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́ àti Kokúmọ́ ṣì ń bẹ láàrin wa, ẹ̀bẹ̀ sì ni orúkọ wọ̀nyí. Ọmọ SS kì í ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí irú hemoglóbìn kan tí ó bá a ti inú oyún wá ṣì ń dáàbò bò ó. Yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò máa sanra. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, nígbà tí èyí bá tán lára rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, kí ó máa ké, kí ibà mú un, kí ó sì kú ní kíá. Òmíràn a tún wá, a tún lọ bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn rò pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe sọ pé SS ni gbogbo àbíkú. Ibà, ìgbóná, àrùn ipá tí ń mú ọmọ tuntun tí a fi ohun ìdọ̀tí gé ìdodo rẹ̀, àti onígbáméjì pẹ̀lú ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ yìí.

Èéṣe tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi ìwádìí tí ó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri kì í rí ọmọ AS pa bí ó ti ń rí ọmọ AA pa. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ibà ti ń ṣa àwọn ọmọ AA, tí fòníkú-fọ̀ladìde sì ń ṣa àwọn ọmọ SS, àwọn AS ni ó sì ń ṣẹ́kù jù láti bí ọmọ. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, níbẹ̀ ni S pọ̀ sí. Ní Nàìjíríà, bí a bá kó ènìyàn mẹ́rin jọ, a lè retí pé ọ̀kan jẹ́ AS. Nínú kíláàsì tí ó ní 40 akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó bíi mẹ́wàá. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún.

Bí a bá dárúkọ jíìnì, ọkàn wa a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá àti ẹ̀rọ olówó gọbọi. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ní òpin ọdún 2023, ìjọba Bírítéènì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí a fi ń ṣe àtúnṣe jíìnì nínú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan. Ìyá tí ń ta àkàrà ní abúlé kò lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀, ìjọba tirẹ̀ pẹ̀lú kò sì lè gbé e fún gbogbo ọmọ tí ó nílò rẹ̀. Ohun tí yóò gba ọmọ rẹ̀ là sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1978, ní ìlú Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé ni kí ìtọ́jú ìlera ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, ni ó fi ìlànà yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ SS ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tóbi lójú. Nọ́ọ̀sì a gún gìgísẹ̀ ọmọ, a mú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, a sì fi pélébé ìwé àyẹ̀wò kan yẹ̀ ẹ́ wò. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí iná mànàmáná, ó ti mọ̀ bí ọmọ náà bá jẹ́ AA, AS tàbí SS. Ní Gwagwalada, nítòsí Àbújá, àwọn onímọ̀ ti dán èyí wò fún àwọn ọmọ tí a gbé wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìròyìn wọn sì jáde ní ọdún 2020 pé ó ṣeé ṣe. Ọmọ tí ó bá jẹ́ SS yóò máa lo oògùn pẹnisílìn lójoojúmọ́ títí di ọdún márùn-ún, nítorí kòkòrò tí ń fa òtútù àyà a máa yára pa á; yóò sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, yóò lo oògùn tí ń dènà ibà, a kò sì ní fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan dù ú. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, dókítà lè fún un ní haidrọ́síyúríà tí ń mú kí ìrora náà ṣọ̀wọ́n. Ewé àti egbò kò ṣàìní ipa tiwọn nínú ìwádìí: ní 1971, àwọn onímọ̀ ròyìn pé omi gbòǹgbò orin ata mú kí sẹ́ẹ̀lì oní-dòjé padà di roboto nínú ìgò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n inú ìgò kọ́ ni ọmọ ń gbé, ẹni tí ó bá sì ń ta àgbo tí ó ní yóò sọ SS di AA, olè ni.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wá láti Jàmáíkà, níbi tí S ti bá àwọn baba ńlá wọn rékọjá òkun láti Áfíríkà nígbà òwò ẹrú. Láti 1973 dé 1981, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 100,000 ọmọ tuntun wò ní Kingston, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí ó jẹ́ SS. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà ara kan tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, a máa ṣàdédé wú nígbà mìíràn, a sì fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ sínú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè kú láàrin wákàtí díẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ti máa fi ìka tẹ ikùn ọmọ wò, àti pé bí wọ́n bá rí i pé ó wú, kí wọ́n gbé ọmọ náà sáré wá fún ìfàjẹ̀sínilára. Nínú gbogbo irú ọmọ mẹ́wàá tí ìbá ti kú lọ́nà yìí tẹ́lẹ̀, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń yè. Ìka ọwọ́ ìyá ni ó ṣe é.

Ti àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a ti ṣe ìdána tán, tí a ti ra aṣọ ẹbí, ti pẹ́ jù láti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a sì gba ìwé tí ó parọ́, nítorí irú àyẹ̀wò kan wà tí ó rọrùn ní owó tí kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin AS àti SS; ó sàn kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn méjì bá jẹ́ AS, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì láti pàṣẹ fún wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi ẹyọ méjèèjì sílẹ̀ níwájú wọn, kí ó sọ ohun tí ìtọ́jú ọmọ SS ń gbà ní owó àti ní òru àìsùn, kí ó sọ fún wọn pé àyẹ̀wò oyún wà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ jíròrò.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ SS wà nínú kíláàsì yín báyìí, nítorí pẹ̀lú ìtọ́jú wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń bí ọmọ. Òtútù ọyẹ́ àti òùngbẹ a máa fa ìrora rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa wọ súwẹ́tà, kí ó sì máa mu omi púpọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi dúró bí ti ẹlòmíràn, nítorí náà bí ó bá nawọ́ sókè ní ẹ̀ẹ̀kẹta láàrọ̀ yìí pé òun fẹ́ jáde lọ tọ̀, olùkọ́ kò gbọdọ̀ rò pé ó ń sá fún ìṣirò.